Ewé Ọgbọ́ Kò Lè Wà Láìsí Ilé Rẹ̀

Ṣàṣà ni ìsọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ nílẹ̀ Yorùbá tí èèyàn yóò dé tí kò ní bá ewé ọgbọ́ níbẹ̀. Wọ́n á ti dì í ní ìdì, wọ́n á bu omi wọ́n ọn kó má baà rọ, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fínrín àti ewúro. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ń rà á lọ gbo, oníṣègùn ń rà á sínú àgbo, babaláwo ń wá a fún omi ẹ̀rọ̀. Nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, tí kì í sì í dàwátì, èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ewé tí kò lè tán láéláé ni. Èrò yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó léwu. Ẹni tó ń ta ọgbọ́ kò gbìn ín, ẹni tó já a wá fún un kò gbìn ín. Ilẹ̀ kan ló ń bá gbogbo wa tọ́ ọ: oko tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kó sinmi, etí igbó, bèbè odò àti ẹ̀yìn abúlé. Ilẹ̀ yìí kò ní orúkọ nínú òfin, ìjọba kò kà á mọ́ igbó, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì ń pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò ṣófo rárá. Ilé ni, ó ní àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ọgbọ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Bí a bá ń bá a lọ láti máa wó ilé náà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, ọgbọ́ yóò ti lọ kí a tó fura.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàkùn ni ọgbọ́, Parquetina nigrescens sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é lónìí. Adam Afzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sàró láàárín 1792 sí 1796, ló fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan kọjú sí èkejì lára ìtàkùn. Ó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ara rẹ̀ ń dán, kò ní irun, ìdí rẹ̀ ṣe roboto, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì mú díẹ̀. Bí èèyàn bá já a, oje funfun á yọ lójú ẹsẹ̀ níbi tí ewé ti kúrò lára ìtàkùn, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi, àwọ̀ ewé ló ní níta, inú rẹ̀ sì pupa ṣú. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òdòdó yìí dáadáa yóò rí iṣẹ́ àrà. Ìyẹ̀fun tí òdòdó fi ń gba oyún kì í fọ́n ká nínú afẹ́fẹ́. Mẹ́rin-mẹ́rin ló lẹ̀ pọ̀, orí ohun tíńtínní kan tó ní ìrísí ṣíbí ló sì kó jọ sí, tí ìdí ṣíbí náà ní ohun tó ń lẹ̀. Bí kòkòrò bá ti ẹnu bọ inú òdòdó láti mu omi dídùn, ṣíbí á lẹ̀ mọ́ ọn lára, kòkòrò náà á sì gbé e lọ sínú òdòdó mìíràn. Èso rẹ̀ ń so ní ìbejì, ó gùn, ó sì le. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń là, irúgbìn pẹlẹbẹ tó ní ìdì irun funfun lórí á tú jáde, atẹ́gùn á sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú.

Mọ̀lẹ́bí ńlá ni ọgbọ́ ti wá. Irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ ju 4,500 lọ káàkiri ayé, Apocynaceae ni wọ́n sì ń pe mọ̀lẹ́bí náà. Bọmubọmu, tí ewé rẹ̀ nípọn, tó ń hù ní ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, wà nínú rẹ̀. Utazi tí àwọn Ìgbò fi ń se ọbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Strophanthus tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà fi ń ṣe oró ọfà wà níbẹ̀, wọ́n sì ti lo oje ọgbọ́ náà mọ́ oró ọfà ní ibòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oje yìí ni ohun ìjà wọn lọ́wọ́ ẹranko àti kòkòrò tó fẹ́ jẹ wọ́n. Nínú oje púpọ̀ lára wọn ni ohun tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní cardiac glycosides wà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọkàn èèyàn ló ní ohun kan tó ń ti sodium jáde tó sì ń fa potassium wọlé. Cardiac glycosides máa ń dí ohun náà lọ́wọ́. Bó bá kéré, ọkàn á máa lù pẹ̀lú agbára. Bó bá pọ̀, ìlù ọkàn á dàrú, ó sì lè dúró. John Kirk, tó bá David Livingstone rin ìrìn àjò odò Zambezi láàárín 1858 sí 1863, ṣàkíyèsí pé ìlù ọkàn òun yí padà nígbà tí oró ọfà Strophanthus kó bá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín òun. Láti ibẹ̀ ni Thomas Fraser ti ṣe ìwádìí ní Edinburgh, tí oró ọfà fi di oògùn ọkàn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, ní Basel ní Switzerland, ilé iṣẹ́ ìwádìí Tadeus Reichstein, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950, tú èròjà inú ọgbọ́ pàápàá palẹ̀. Strophanthidin, tó jẹ́ ti ìran cardiac glycosides, wà lára ohun tí a mọ̀ pé ó wà nínú ìtàkùn yìí.

Àwọn kòkòrò ti mọ̀ nípa oje yìí tipẹ́tipẹ́. Labalábá kan wà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, Danaus chrysippus lorúkọ rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, etí rẹ̀ dúdú, àmì funfun sì wà ní ìkángun. Orí bọmubọmu àti àwọn ìtàkùn olóje mìíràn nínú mọ̀lẹ́bí ọgbọ́ ló ń yé ẹyin sí, kòkòrò tó bá pa látinú ẹyin á jẹ ewé náà, á sì lè fi oró inú rẹ̀ pamọ́ sára títí di ìgbà tó bá di labalábá. Ẹyẹ tó bá ti tọ́ irú rẹ̀ wò kì í fẹ́ dán an wò mọ́. Labalábá mìíràn, Hypolimnas misippus, kò ní oró, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ti Danaus, ẹyẹ á sì fi í sílẹ̀. Lára oje ewéko ni ìdáàbòbò àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ewéko kì í dá gbé. Ẹni tó bá ní ewé nìkan lòun ń pa run kò tíì ka àwọn tó ń jẹun lórí ewé náà, àti àwọn tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn wọn.

Ní ti èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mọ ọgbọ́ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀. Wọ́n á fọ ewé rẹ̀, wọ́n á gbo ó sínú omi títí omi á fi dúdú mìnìjọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì mu ún. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sórí àheso nìkan. Ní 2003, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì African Journal of Biotechnology gbé ìwádìí kan jáde lórí àgbo kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ewé ọgbọ́, pòròpórò ọkà bàbà àti èèpo amùjẹ̀ ṣe. Àwọn olùwádìí fún àwọn ehoro tí kòkòrò àrùn trypanosome ti mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ ní àgbo náà, ẹ̀jẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ehoro kì í ṣe èèyàn lóòótọ́, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì lè sọ ewé di oògùn tí dókítà lè kọ fún aláìsàn. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn mẹ́ta tó wà nínú àgbo yẹn dáadáa. Inú oko ni ọkà bàbà ti wá. Amùjẹ̀ jẹ́ igi tí ń tètè hù ní ilẹ̀ tí wọ́n ti dáko sí rí, tí ó ń sinmi. Ọgbọ́ náà, ibẹ̀ ló ń gùn. Àgbo kan ṣoṣo yìí nílò oko àti ilẹ̀ tó ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá pa ilẹ̀ ìsinmi rẹ́ ti yọ méjì nínú mẹ́ta kúrò nínú ìkòkò náà.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ilẹ̀ ìsinmi ni ọgbọ́ yàn? Láti Senegal títí dé àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ìtàkùn yìí wà, ohun tí àwọn onímọ̀ sì kọ sílẹ̀ nípa ibùgbé rẹ̀ jọra: igbó tó tún hù lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ti àkọ́kọ́, etí igbó, àti àyíká abúlé. Ohun méjì ni ìtàkùn ń wá, ìmọ́lẹ̀ àti igi tí yóò gùn. Nínú ẹgàn tí òkè rẹ̀ ti pa dé, igi pọ̀ ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò dé ilẹ̀. Nínú oko àgbàdo, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kò sí igi, ọkọ́ àgbẹ̀ á sì ti hú u kó tó dúró. Ibi tó wà láàárín méjèèjì ló bá a lára mu. Nígbà tí àgbẹ̀ bá fi oko sílẹ̀, koríko ló máa ń kọ́kọ́ borí, lóde òní ewé Akíntọ́lá tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sì ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn igi tí ń tètè dàgbà bíi afẹ́, amùjẹ̀ àti ṣápó á yọrí. Bí irúgbìn ọgbọ́ tí atẹ́gùn gbé wá bá bọ́ sí irú ibẹ̀, ó ti rí igi tó rẹlẹ̀ tó láti gùn, ó sì ti rí oòrùn tó tó. Ó gba ọdún díẹ̀ kí ó tó lágbára, kó tó tanná, kó tó so. Nítorí náà, iye ọdún tí ilẹ̀ bá fi sinmi ló ń pinnu bóyá ọgbọ́ yóò fi irúgbìn sílẹ̀ kí ọkọ́ tó padà dé. Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún ìsinmi yẹn ni kò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1991, wọn kò tó mílíọ̀nù 89. Ní 2006, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 140. Ilẹ̀ kò pọ̀ sí i, ẹnu tó ń jẹ lára rẹ̀ ló pọ̀. Ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi ń sinmi títí igi fi ń borí rẹ̀, ọmọ-ọmọ ń padà sórí rẹ̀ kí afẹ́ tó ga ju èèyàn lọ. Ní ẹ̀bá àwọn ìlú ńlá, ilẹ̀ náà kì í tilẹ̀ padà sí oko mọ́. Katakata á wọ̀ ọ́, wọ́n á hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á pín in sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n á sì ri òpó síbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń bá ọgbọ́ jà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń rí i nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ohun tó wà lórí ilẹ̀. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń kà, kòkó ni wọ́n ń kà, igi gẹdú ni wọ́n ń kà. Ìtàkùn kò sí nínú ìwé.

Ẹnì kan lè sọ pé ìjọba ní igbó ọba, pé ibẹ̀ ni kí ọgbọ́ máa gbé. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn igbó ọba wa. Láti 1899 ni wọ́n ti ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Igi gẹdú ló wà lọ́kàn ìjọba amúnisìn nígbà tí wọ́n ń ya irú igbó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Láti 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú igbó ọba ní Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Tropical Shelterwood System. Nínú ètò yìí, ọdún bíi mélòó kan ṣáájú kí wọ́n tó gé gẹdú ni wọ́n ti máa ń ge gbogbo ìtàkùn igbó dànù, tí wọ́n sì ń fi májèlé pa àwọn igi tí kò lówó lórí. Ọ̀tá ni ìtàkùn jẹ́ nínú ètò igbó nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gé ọ̀pọ̀ igbó ọba lulẹ̀ láti gbin irú igi kan ṣoṣo. Ní igbó Ọmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Gmelina ni wọ́n gbìn lọ rẹpẹtẹ, torí pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé ní Ìwópin. Igi tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń ro ìdí rẹ̀, kò ní àyè fún ọgbọ́. Nítorí náà, igbó ọba ṣe pàtàkì, kò sì yẹ ká fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ tàfàlà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ nítorí ìtàkùn, kò sì lè dá gbé ẹrù ìtàkùn.

Àtakò kejì ni èyí tí àgbẹ̀ máa ń sọ: ìtàkùn ń pa igi. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìtàkùn tó bá bo orí igi kòkó yóò gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, àgbẹ̀ tó bá sì gé e kúrò lórí kòkó rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ya ìtàkùn sọ́tọ̀ kúrò lára àfòmọ́. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀, ara igi tó gùn ló ti ń mu omi. Ọgbọ́ ní gbòǹgbò tirẹ̀, ó ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ nínú ilẹ̀, ẹ̀yìn igi ló kàn fi ń rọ̀gbọ̀kú. Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, ìtàkùn lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo igi àti ìtàkùn tó ní ara líle. Òun ni afárá tí ọ̀bọ àti ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń ti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, púpọ̀ nínú wọn sì ń dúró ní tútù yọ̀yọ̀ nígbà tí igi ti wọ́wé. Mi ò ní kí àgbẹ̀ jẹ́ kí ọgbọ́ gba oko rẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ó fi í sílẹ̀ ní ààlà oko, ní bèbè odò, àti lórí ilẹ̀ tó ń sinmi, níbi tí kò ti pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹlòmíràn á ní ọgbọ́ ṣì pọ̀, kí ni à ń pariwo sí? Mo gbà pé ìtàkùn tó wà láti Senegal dé Congo kò lè parẹ́ lórí ilẹ̀ ayé lọ́la. Àmọ́ ọgbọ́ tó wà ní Congo kò lè wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ní Ìbàdàn. Àdánù tí à ń sọ kò ní dúró dìgbà tí ewé náà bá tán láyé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tán ní agbègbè kan, tí ọ̀nà tí àwọn ajáwé ń rìn bá ń jìn sí i, tí ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ewu gidi sì wà níbẹ̀. Àwọn ìtàkùn olóje jọra wọn, àwọn kan nínú wọn sì ní oró tó pọ̀ nínú. Ajáwé tó mọ ibi tí ọgbọ́ wà láti kékeré kò ní ṣì í mú. Ẹni tó ń wá a káàkiri ní igbó tí kò mọ̀, tí oníbàárà ń dúró dè é, lè já ìtàkùn mìíràn mọ́ ọn. Nítorí oró ọkàn tó wà nínú mọ̀lẹ́bí yìí, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí aláboyún, tàbí ẹni tó ń lo oògùn ọkàn bíi digoxin, mu ọgbọ́ láìjẹ́ kí dókítà mọ̀. Ìmọ̀ nípa ewé àti ibi tí ewé ń gbé jọ ń rìn ni.

Ẹni tó bá gbọ́ nípa oró yìí lè béèrè pé, bó bá léwu tó báyìí, kí ló dé tí a ó fi pa á mọ́? Ìdáhùn wà nínú ìtàn oògùn fúnra rẹ̀. Oró ọfà Strophanthus ló di oògùn ọkàn. Ewé digitalis, tí William Withering kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1785, lè pa èèyàn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ìwọ̀n ló ń sọ ọ́ di oògùn tàbí májèlé, ìwádìí ló sì ń fi ìwọ̀n hàn. A kò lè ṣe ìwádìí lórí ewé tí a ti pa run. Ní Basel ni wọ́n ti tú èròjà ọgbọ́ palẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa lè tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀ pẹ̀lú ewé tó hù nílẹ̀ wa, tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti já a, àti irú ilẹ̀ tó ti jáde.

Àtakò tó lágbára jù ni pé kí a gbin ọgbọ́ sí ọgbà, ká sì jẹ́ kí ilẹ̀ lọ. Ó dára kí a gbìn ín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dí ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọgbà kò lè rọ́pò ibùgbé. Ọgbọ́ tí wọ́n bá gé láti ara ìyá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gbìn kiri, ìyá yẹn náà ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo wọn. Òdòdó tó gbára lé kòkòrò láti gbé ṣíbí rẹ̀ nílò ibi tí kòkòrò náà ń gbé. Ilẹ̀, oòrùn àti ọjọ́ orí ewé sì máa ń yí ìwọ̀n èròjà inú ewéko padà, nítorí náà ewé inú ike lè má rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó gun afẹ́ lẹ́bàá odò. Àwọn ará wa ní Brazil ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní àwọn ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, lọ́dọ̀ àwọn Kétu, orúkọ ewé ọgbọ́ ṣì wà lẹ́nu wọn fún ìtàkùn olóje tí èdè Potogí ń pè ní rama-de-leite. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí wọn kò ní ilẹ̀ tiwọn, rí i dájú nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé òrìṣà pé apá kan ilé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó. Mato ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ti Ọ̀sanyìn, òrìṣà tó ni ewé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé. Nígbà tí ìjọba Brazil fi Casa Branca, ọ̀kan lára àwọn ilé Candomblé náà ní Salvador, sábẹ́ ààbò àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1984, ilẹ̀ ilé náà wà lára ohun tí wọ́n dáàbò bò. Pierre Verger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ ewé jọ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo wa, tó sì gbé ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní 1995, rí ìmọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ òkun méjèèjì. Ohun tí ẹrú lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ní ilẹ̀ àjèjì, kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ onílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ilé. Èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun, ọmọ tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ kọ́lé, òwe wa sì sọ pé ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè alọ, tòun terin ni ń lọ. Mi ò ní kí ọgbọ́ dá erin dúró. Ọ̀nà tí erin ń gbà ni mo ní ká jíròrò lé. Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, ó ṣeé ṣe láti má hú igbó bèbè odò, ibi tí omi yóò padà wá gbà lọ́wọ́ onílé nígbà òjò lọ́nàkọnà. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń ya máàpù, ó ṣeé ṣe láti fi orúkọ sí ilẹ̀ ìsinmi àti igbó etí abúlé, kí ó má ṣe wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́wé ọmọ lè fi ẹnu kò pé ọ̀bẹ ni kí ajáwé lò, kí wọ́n gé ewé, kí wọ́n fi ìdí ìtàkùn sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí èyí tó ń so di ọyẹ́. Igbó orò àti igbó òrìṣà tó kù ní àwọn ìlú wa yẹ kó ní ààlà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rékọjá. Ní ti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, àkọsílẹ̀ sọ pé irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ lé ní 400, àti pé èyí tó lé ní 200 nínú wọn ni wọ́n mọ̀ fún ìwòsàn. Hẹ́kítà 75 péré ni igbó náà.

A mọ̀ pé ilẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, nítorí a ti rí i. Nígbà tí IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, oko àwọn àgbẹ̀ wà lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí hẹ́kítà 350 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, lónìí igbó gidi ni, ìlú Ìbàdàn sì ti fẹ̀ yí i ká. Kò sẹ́ni tó gbin igbó yẹn. Wọ́n kàn fún un láyè àti àkókò ni. Irú àyè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, ni mo ń tọrọ fún ọgbọ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Kò gba owó ìjọba púpọ̀, kò sì gba ìmọ̀ tí a kò ní. Ohun tó gbà ni kí a yí ọ̀nà tí à ń gbà ka ilẹ̀ padà, kí baálẹ̀, àgbẹ̀, onípúlọ́ọ̀tì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dúró níwájú ilẹ̀ tó ń sinmi kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó pe katakata. Títí di ìgbà tí ìbéèrè yẹn bá di àṣà, gbogbo ìdì ọgbọ́ tí à ń rà lọ́jà jẹ́ gbèsè tí à ń jẹ ilẹ̀ kan tí a kò tíì san kọ́bọ̀ fún, ó sì yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í san án nígbà tí onígbèsè àti olówó ṣì wà láàyè.